Ọ̀rá Tí Mo Dì Bí Ewé

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí mo jẹ ní Àbújá, inú ọ̀rá ni wọ́n bù ú sí. Ẹ̀wà ni, ó gbóná débi pé ọ̀rá náà ń rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Dei-Dei, mi ò mọ ibi tí ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Àǹtí Sẹ̀lí, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí òun ló mú mi wá láti ilé, ti fi eyín já igun tirẹ̀, ó ń fà á mu bí ọmọ ọwọ́. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ewé lò ń wá, àbí? Ọmọ eléwé, ewé ò wọ Àbújá o. Jẹun."

Mo jẹun. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo di ọ̀rá náà mú, mo ń wá ewúrẹ́ kiri. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Nílé wa, bí a bá jẹun nínú ewé tán, ewúrẹ́ la máa ń jù ú sí, kí a tó nu ẹnu, ó ti jẹ ẹ́ tán. Àǹtí Sẹ̀lí ju tirẹ̀ sí gọ́tà láìwo ibi tó bọ́ sí. Ó bọ́ sórí òmíràn, òmíràn náà wà lórí òmíràn, mi ò rí omi nínú gọ́tà náà rárá. Mo ká tèmi, mo fi sí etí ìró mi. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó jù ú nù, nítorí mi ò mọ ibi tí ènìyàn ń ju ohun tí kì í jẹrà sí.

Eléwé ni màmá mi. Ìlú wa kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Etí odò ni wọ́n ti ń já ewé fún àwọn ẹlẹ́kọ àti àwọn tó ń se mọ́ínmọ́ín, wọn kì í fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, kí ó lè tún hù. Wọ́n á nu ún, wọ́n á to ńlá sábẹ́, kékeré sókè, wọ́n á ká a, wọ́n á wá fi okùn tí a bó lára igi ewé náà dì í. Ìdì màmá mi yàtọ̀ sí ti gbogbo eléwé ọjà wa. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn kì í ṣẹ́, àdá ló bà á jẹ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, nítorí náà ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ti orí okùn bọ abẹ́. Ìdì wọn a máa kọjú sí òsì. Bí o bá fà á níbikíbi, ńṣe ni yóò máa fún sí i. Ṣùgbọ́n ìrù kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀. Bí o bá fa ìrù yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo rẹ̀ tú. Àtàǹpàkò tèmi kò ní àbùkù kankan, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ wọn ni mo ṣe kọ́ ọ. Títí di òní, òsì ni ìdì mi ń kọjú sí.

Òfin kan wà láàárín àwọn eléwé wa. Bí oníbàárà bá rí ewé jíjẹrà tí wọ́n fi pamọ́ sí àárín ìdì, ẹni tó dì í ni yóò tú gbogbo ìdì tó gbé wá lójú ọjà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ayé rí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá a tú u. Mo rí màmá mi níbi tí wọ́n ti ń ṣe é rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Èmi ni mo ki ewé jíjẹrà sínú ìdì kan, nítorí ó rẹ̀ mí, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ tètè parí. Ìyá ẹlẹ́kọ rí i. Màmá mi kò sọ pé ọmọ ni. Wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú àtẹ wọn, wọ́n ń fa ìrù ìdì kan tẹ̀ lé òmíràn, ewé ń ṣí sílẹ̀, àwọn ènìyàn dúró ń wò. Wọn ò nà mí nígbà tí a délé. Wọn ò tilẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rántí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ìwé márùn-ún, àwọn ẹlẹ́kọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá pọ́n ẹ̀kọ. Wọ́n ní ọ̀rá kì í ya, kì í sì í nílò ẹni tí yóò nu ún. Ìyá ẹlẹ́kọ tó ti ń ra ewé lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó bí mi, wá sí ilé wa lọ́jọ́ kan, ó jókòó pẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ òjò, ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó dìde ni ó sọ pé kí màmá mi má dààmú láti gbé ewé wá lọ́jọ́ ọjà. Kò wo ojú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀, tí mò ń bá wọn ro oko olóko. Nígbà tí Àǹtí Sẹ̀lí wá ṣe Iléyá lọ́dún kan, tó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Àbújá, òun yóò fi mí síbi iṣẹ́ aránṣọ, màmá mi ní kí n lọ. Ọ̀rá ló lé mi kúrò nílé. Mi ò sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀rá náà ni mò ń lọ.

Kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ kankan. Ohun tí Àǹtí ní ni àgbàlá kan lẹ́yìn àwọn oníplánkì ní Dei-Dei, tí wọ́n fi páànù yí ká, tí pàǹtírí ike kún inú rẹ̀. Ike omi àti ike mínírà wà lápá kan. Lápá kejì, ọ̀rá ni: ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá omi, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń gbé ọjà. Iṣẹ́ mi ni kí n fọ ọ̀rá, kí n sá a, kí n ká a, kí n dì í. Ọwọ́ mi ń bó nítorí ọṣẹ. Òórùn rẹ̀ wọ inú irun mi, kò sì kúrò.

Ohun tó tún burú jù ìyẹn lọ ni pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Láti kékeré ni ojú ti máa ń tì mí. Nílé, wọ́n mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, wọn kì í dààmú mi. Ṣùgbọ́n ní Dei-Dei, Hausa ni wọ́n ń sọ sí mi láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí kì í bá ṣe Hausa, Pidgin ni. Mo kọ́ "sànnu" tí wọ́n fi ń kíni, mo kọ́ "yauwa" tí wọ́n fi ń dáhùn, mo sì fi méjèèjì gbé odindi oṣù mẹ́ta. Màlámù Garba, tó ń wa lọ́rì Àǹtí, gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nítorí ó ti gbé Ìlọrin rí. Ó máa ń pè mí ní "Ìyàwó Sànnu".

"Ìyàwó Sànnu, ṣé o jẹun?"

"Yauwa."

"Ṣé ara ń ro ẹ́?"

"Yauwa."

"Kai! Ọmọ yìí, lọ́jọ́ tó bá sọ ọ̀rọ̀ kẹta, màá pa màlúù."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni màmá mi máa ń pè mí lórí fóònù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ irọ́ pa fún wọn. Ìgbà kẹta tí wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní, "Ọ̀rá ni mò ń dì, Màámi."

Mo gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn wọn.

"Ọ̀rá?"

Mo yára sọ ohun tí Àǹtí Sẹ̀lí sọ fún mi: pé ilé iṣẹ́ kan wà lọ́nà Kàdúná tó ń ra ọ̀rá àti ike, pé wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n ń fi rọ àga, wọ́n ń fi rọ bútà.

"Bútà tí a fi ń ṣe àlùwàlá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ewé mi kúrò lọ́jà. Kí òun náà wá gbé omi àlùwàlá. Dì í dáadáa."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń di ọ̀rá bí mo ṣe ń di ewé. Mo máa ń to ńlá sábẹ́, kékeré sókè, mo máa ń ká a, mo máa ń fi tẹ́ẹ́rẹ́ ọ̀rá kan dì í, kí ó kọjú sí òsì, kí n sì fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá ti ń dì í bẹ́ẹ̀, ó máa ń dà bíi pé mo wà níbì kan tí wọ́n mọ̀ mí.

Àwa ọmọ ìlú wa tó wà ní Àbújá máa ń ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní ibi iṣẹ́ káfíńtà kan tó jẹ́ ọ̀kan nínú wa, ní Galadimawa. Ìpàdé kẹrin tí mo bá Àǹtí lọ ni ó ní kí n dìde kí n sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí àwọn obìnrin máa kó ike àti ọ̀rá ilé wọn jọ fún wa dípò kí wọ́n máa dà á sí gọ́tà. Mo ní n kò lè ṣe é. Ó ní, "Wọ́n mọ ìyá rẹ. Sọ bí ó bá ṣe wá sí ọ lọ́kàn."

Mo dìde. Mo wo ilẹ̀, mo ń wo ìfọ́ igi tí káfíńtà fi rẹ́ńdà fá sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ewé wa. Mo sọ ti ìyá ẹlẹ́kọ. Mo sọ ti bútà. Mo ní kí wọ́n bá mi fọ ọ̀rá wọn, kí wọ́n sá a, èmi ni màá máa wá gbà á. Nígbà tí mo rí i pé gbogbo wọn dákẹ́, ẹnu mi ṣí ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo ní, "Bí ìdì kan bá kúrò lọ́wọ́ mi lọ sójú àgbàrá, ẹ má pè mí lọ́mọ eléwé mọ́. Mo fi orúkọ màmá mi lélẹ̀."

Màmá Sùkúrà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àgbà obìnrin kan ni wọ́n, àkàrà ni wọ́n ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ní Dei-Dei, ẹnu wọn sì mú. "Ẹ̀yin ènìyàn, odi ni mo pe ọmọ yìí o. Ẹni tí mo ti ń ṣàánú fún." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, máa bọ̀ wá gba ọ̀rá. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè fọ ti ọkọ mi, ọ̀rá tábà rẹ̀ ń rùn."

Wọ́n fọ ọ́, ti ọkọ wọn náà. Kó tó di ìgbà díẹ̀, ilé mẹ́wàá ni mò ń yà sí lọ́sẹ̀, ó di ogún, ó di jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ti so ọ̀rá wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà dè mí. Màmá Sùkúrà máa ń ká tiwọn sí mẹ́rin, bí ẹni ká lẹ́tà. Ọmọ ilé kan pè mí ní Àǹtí. Mo wo ẹ̀yìn mi, mo rò pé ẹlòmíràn ni ó ń pè. Gọ́tà iwájú ilé Màmá Sùkúrà, tí wọ́n ti gbàgbé pé ó ní ìsàlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Òjò ọdún yẹn kò wọ ilé ìdáná wọn. Wọ́n fi àkàrà gbígbóná ránṣẹ́ sí mi, inú abọ́ ni wọ́n gbé e sí, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé n kò fẹ́ rí ọ̀rá.

Mo rò pé ohun tí a ń pè ní ilé nìyẹn: kí ẹnì kan fi nǹkan pamọ́ dè ọ́, kí ó mọ̀ pé o ń bọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti wà ní Àbújá, ìgbà náà nìkan ni mo gbàgbé láti ronú ilé.

Lẹ́yìn àwẹ̀, ọkọ Màmá Sùkúrà, tí wọ́n ti dá dúró sí ọsíbítù láti ìgbà òjò, padà délé. Kò lè jẹ nǹkan kan. Ó ní tí kì í bá ṣe mọ́ínmọ́ín inú ewé bí ìyá òun ṣe ń sè é, kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Màmá Sùkúrà pè mí.

"Ọmọ eléwé, ṣé ewé wà ní ìlú ahoro yìí?"

Mo bi Màlámù Garba. Ó ní igi tíìkì wà ní Bwari, lẹ́sẹ̀ òkè, ewé rẹ̀ fẹ̀. Ó tún fẹ́ sọ nǹkan kan, ó wá dákẹ́. Mo rántí ìyẹn lẹ́yìn.

Ọjọ́ Satidé ni mo lọ. Ìyá àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Gbagyi, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, fi ọwọ́ júwe igi náà fún mi. Mo já ewé tó pọ̀, inú mi dùn, ọwọ́ mi rántí gbogbo rẹ̀. Oòrùn mú, mo sì fẹ́ fi omi wọ́n ewé náà kí ó má baà rọ, ni mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọ̀gbun kan tí mo rò pé odò wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Omi díẹ̀ wà níbẹ̀. Òjò ti gé bèbè ọ̀gbun náà, ohun tí wọ́n rì mọ́ ibẹ̀ sì ń yọ jáde bí iṣu tí àgbàrá wú. Ọ̀rá ni. Mo kọ́kọ́ rò pé pàǹtírí ìlú ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó wà ní dídì. Mo sún mọ́ ọn. Òsì ni gbogbo ìdì náà kọjú sí.

Mo di ìrù ọ̀kan mú, mo fà á. Ó tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀ lóde, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbẹ, ó mọ́, ńlá sábẹ́, kékeré sókè. Láàárín rẹ̀ ni ọ̀rá wà tí wọ́n ká sí mẹ́rin bí lẹ́tà.

Ìyá Gbagyi náà dúró sókè bèbè, ó ń wò mí. Ó fi ọwọ́ ṣe ìwo sí orí, ó na ìka sí ọ̀rá, ó fọwọ́ lé ikùn, ó wá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ewúrẹ́ rẹ̀ ló jẹ ọ̀rá náà kú. Ó tún ṣe bí ẹni tó ń wa mọ́tò. Mo fọwọ́ ṣe é fún un pé ó ti yé mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo dúró de Màlámù Garba lẹ́nu géètì.

"Ẹ̀yin lẹ ń kó o lọ síbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ mi ti ju mẹ́ta lọ báyìí, ṣùgbọ́n kò dárúkọ màlúù. "Ìwọ ò mọ̀? Ilé iṣẹ́ yẹn, ike nìkan ni. Ọ̀rá, ba sa so. Wọn ò fẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àǹtí rẹ ní kí n gbé e lọ sí Bwari, mo gbé e lọ." Ó mi orí. "Mo máa ń rí bí o ṣe ń dì í. Ó ń dùn mí. Wallahi."

Àǹtí Sẹ̀lí ń jẹun nígbà tí mo wọlé bá a. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó sọ pé òun kò mọ̀. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá gbà á gbọ́, mo mọ ara mi.

"Ṣé o rí i?" ló wí. "Ta ló máa ra ọ̀rá? Ike ni mò ń tà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n kó ike wá, kí wọ́n fi ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n á ní oníṣòwò ni mí, wọn ò ní ṣe wàhálà kankan. Tí mo bá bá wọn gbé ìdọ̀tí wọn kúrò, wọ́n á fi ike dúpẹ́. Ṣé gọ́tà wọn ṣì dí ni?"

"Ẹ ní kí n sọ fún wọn pé bútà ni."

"Mo ní kí o sọ ọ́, nítorí pé ìwọ ni wọ́n máa gbà gbọ́." Kò bínú. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se nǹkan. "Èmi bá wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó dé, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìwọ dìde, ojú ń tì ọ́, o ń wolẹ̀, o ń pe orúkọ ìyá rẹ. Ta ni ò ní gbà? Kí ló dé tí o rò pé mo wá mú ọ nílé, nínú gbogbo ọmọ ẹbí?"

Obìnrin yìí ló tọ́jú mi nígbà tí ibà dá mi wó, tó ń fi omi tútù nù mí lára. Inú ilé rẹ̀ ni mo ń sùn. Ó tún bu ọbẹ̀ sí abọ́, ó ń tì í sọ́dọ̀ mi.

"Jẹun. Bwari jìnnà. Ta ló ń lọ sí Bwari?"

Mo gbé ewé lọ fún Màmá Sùkúrà. Wọ́n se mọ́ínmọ́ín náà, ọkọ wọn jẹ méjì, ó ń sunkún bí ó ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n gbàdúrà fún mi. N kò lè ṣe àmín.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ fi Àǹtí Sẹ̀lí ṣe Ìyá Ẹgbẹ́. Kí a tó lọ, ó ra bàtà tuntun fún mi. Mo wọ̀ ọ́. Mo fi aṣọ bo agbọ̀n kan, mo gbé e dání, ó rò pé ewé ni mo gbé lọ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kí ó sọ ọ́, mo dìde. Mo kàn gbé ìdì márùn-ún jáde nínú agbọ̀n, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára wọn, mo tò wọ́n sórí bẹ́ńṣì káfíńtà. Mo jókòó sílẹ̀ lórí ìfọ́ igi níwájú wọn, bí màmá mi ṣe jókòó.

"Kí nìyí?" ni káfíńtà wí.

"Inú ọ̀gbun ní Bwari ni mo ti rí wọn," ni mo wí. "Wọ́n kún ibẹ̀."

Àǹtí Sẹ̀lí rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ mi ń bínú sí mi ni, nítorí mi ò tíì ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Àgbàlá wa ló ti kó o, ó fi ẹrẹ̀ pa á."

Wọ́n ń wò wá. Mo rí i lójú àwọn kan pé wọ́n ti fẹ́ gbà á. Káfíńtà mú ìdì kan, ó fẹ́ tú u, ó fà á níhìn-ín, ó fà á lọ́hùn-ún, ńṣe ló ń fún sí i. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Mo fa ìrù rẹ̀. Mo tú èkejì. Mo tú ẹ̀kẹta. N kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Nínú ẹ̀kẹrin ni Màmá Sùkúrà na ọwọ́ sí nǹkan kan, wọ́n sì mú un sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rá oògùn funfun ni, tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Orúkọ ọkọ wọn wà lára rẹ̀, báírò tí nọ́ọ̀sì fi kọ ọ́ kò tíì parẹ́.

"Mo fi ọwọ́ mi fọ èyí," ni wọ́n wí. "Nígbà tí wọ́n dá a dúró sí ọsíbítù nígbà òjò, ó yẹ kó ti di bútà tipẹ́. Mo sá a sórí okùn, atẹ́gùn gbé e lọ, mo sáré lé e bí aṣiwèrè, nítorí mo ti ṣèlérí fún ọmọ yìí." Wọ́n yíjú sí Àǹtí. "Sẹ̀lí, ìgbà wo ni ó wá dé Bwari?"

Àǹtí Sẹ̀lí gbójú sílẹ̀. Ó ń wo bàtà ẹsẹ̀ mi.

Mo ti rò pé nígbà tí mo bá tú u tán, ara yóò tù mí. Màmá Sùkúrà yíjú sí èmi náà.

"Ìwọ lo fi orúkọ ìyá rẹ lélẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"O ò lọ wò ó kí o tó fi í lélẹ̀."

"N kò lọ wò ó, Mà."

Wọ́n ká ọ̀rá náà padà sí mẹ́rin, wọ́n fi sí àpò wọn, wọ́n jáde. Àwọn kan ní ìwà àìmoore ni mo hù sí ẹni tó mú mi wá. Wọn ò fi Àǹtí ṣe Ìyá Ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún so ọ̀rá mọ́ ẹnu ọ̀nà dè mí.

Bwari ni mo ń gbé báyìí, nínú yàrá kan nítòsí ìyá Gbagyi yẹn. Mò ń já ewé tíìkì fún àwọn díẹ̀ tó ṣì ń fi ewé se mọ́ínmọ́ín. Wọn ò pọ̀. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ pé gọ́tà Màmá Sùkúrà ti dí padà, omi wọ ilé ìdáná wọn dé orókún. Irọ́ ló ń jẹ́ kí gọ́tà yẹn ṣàn. Òtítọ́ tí mo sọ ló dí i. Mo máa ń ronú lé e títí, n kò tíì mọ ohun tí ènìyàn ń fi irú ìyẹn ṣe.

N kò sọ fún màmá mi fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, títí kan orúkọ wọn tí mo fi lélẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Mo dúró kí wọ́n bínú sí mi, tàbí kí wọ́n bú Sẹ̀lí.

"Àwọn ìdì yẹn," ni wọ́n wí, "odindi òjò ọdún kan ni wọ́n fi wà nínú omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ǹjẹ́ omi tú wọn?"

"Kò tú ọ̀kankan."

"Hùn." Ohùn wọn fẹ́ jọ ti ẹni tí inú rẹ̀ dùn, lẹ́yìn náà kò jọ ọ́ mọ́. "Márùn-ún lo tú lójú wọn?"

"Márùn-ún."

"Èyí tó kù ńkọ́?"

Ní àràárọ̀ Satidé, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun náà pẹ̀lú agbọ̀n mi. Ìyá Gbagyi ti fi igi ṣe ọgbà yí bèbè ká kí ewúrẹ́ má baà débẹ̀. Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ nígbà kan, mo mi orí fún un. Mo ń wà wọ́n jáde, mo ń kó wọn sórí bèbè. N kò tíì mọ ibi tí màá kó wọn lọ láti ibẹ̀, mo sì ti bi ẹni tó pọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń fọ ẹrẹ̀ ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń wá ìrù rẹ̀ pẹ̀lú ìka, mo ń fà á. Kò sí èyí tó tíì ṣàìtú. Wọ́n ń ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n mọ́, ńlá sábẹ́, kékeré sókè, bíi pé àárọ̀ yìí ni mo dì wọ́n.